Firísà mẹ́ta, bírékà kan: bí a ṣe ń ṣírò iná ìgbérù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja dídì ni mò ń tà ní Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Firísà mẹ́ta ni mo ní, kékeré méjì àti àgbà kan tó ti pẹ́. Pọ́ǹpù omi hp 1 tún wà lẹ́yìn ilé tó máa ń tan ara rẹ̀ tí omi bá ti lọ sílẹ̀ nínú táǹkì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná dé ni bírékà 20 máa ń já. Tí mo bá gbé e padà, nígbà mìíràn á dúró, nígbà mìíràn á tún já. Mo ka wáàtì ara wọn: 260, 260, 480 àti 750. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1750 péré. Ìnfátà 3.5 kVA tí mo rà ń gbé kékeré méjèèjì dáadáa, àmọ́ tí àgbà bá fẹ́ dìde, á pariwo, á kú. Ọmọ tó ń bá mi ṣe iná ní kí n lọ ra bírékà 40. Ṣé kí n rà á? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń ṣírò ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àfaradà iná. Èyí tó kánjú jù ni kí n kọ́kọ́ sọ: ẹ má ra bírékà 40 yẹn. Tí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má jẹ́ kó wọ inú àpótí iná yín. Màá sọ ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá débẹ̀.

Ìṣirò tí ẹ ṣe kò burú, ó kàn jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń já bírékà yín. Ẹ wo páálí kòtè kan tó wúwo tó kílò 20. Láti ilẹ̀ dé orí, ẹ ó pe ẹnì kan pé, "Wá bá mi gbé e rù." Nígbà tó bá ti jókòó sórí òṣùká tán, ẹ̀yin nìkan lẹ máa rù ú láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí firísà, ẹ tilẹ̀ lè máa bá oníbàárà ná ọjà lọ. Wáàtì tí wọ́n kọ sára firísà yín, ti ìrìn ni. Ti ìgbérù, wọn kì í sábà kọ ọ́ síbi tí ojú ẹni tó rà á máa tó. Iná ìgbérù ni mo máa ń pè é fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, torí pé orúkọ òyìnbó rẹ̀ kì í pẹ́ bọ́ lórí wọn.

Mọ́tò tó wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tàbí nínú pọ́ǹpù, nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, wáyà kọ́pà tí wọ́n ká jọ ni. Ohun tó lè dí iná lọ́nà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ ta iná sí i, iná á rọ́ wọlé bí omi tó já ìdè. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni òun fúnra rẹ̀ á máa dá fọ́ltì tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ń ti iná tó ń bọ̀ padà sẹ́yìn. Bó ṣe ń yára sí i ni títì yìí ń le sí i, tí áńpù ń wálẹ̀, títí á fi dé ibi tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó pẹ́ tán ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti parí. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò kékeré yẹn, mọ́tò lè jẹ ìlọ́po márùn-ún sí ìlọ́po mẹ́jọ iná tó ń jẹ nígbà tó bá ń sáré.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé bírò.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí a nílò ni áńpù ìrìn. Firísà kékeré jẹ́ wáàtì 260, fọ́ltì wa sì jẹ́ 230. Kì í ṣe gbogbo iná tó wọ inú mọ́tò ló ń di iṣẹ́, apá kan kàn ń wọlé, ó ń jáde; fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ firísà, mo máa ń ka èyí tó ń ṣiṣẹ́ sí 0.7. Nítorí náà, 230 lọ́nà 0.7 jẹ́ 161. Ẹ fi 161 pín 260, ẹ ó rí 1.6 áńpù. Ẹ fi í pín 480 ti àgbà, ẹ ó rí 3 áńpù.

Pọ́ǹpù ló tàn yín jẹ díẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń tàn. Wáàtì 750 tó wà lára rẹ̀ (hp 1 gan-an jẹ́ 746) ni agbára tí ọ̀pá rẹ̀ ń fún omi. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Pọ́ǹpù kékeré irú èyí, tó bá sọ 65 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó jẹ di iṣẹ́, ó ti gbìyànjú. 746, tí a bá fi 0.65 pín in, á di 1148 wáàtì. Èyí ni mítà yín ń kà, èyí lẹ sì ń sanwó fún. Tí a bá wá fi 230 lọ́nà 0.8 pín in (0.8 ni mo máa ń kà fún pọ́ǹpù dípò 0.7 ti firísà), a ó rí 6.2 áńpù.

Àròpọ̀ ìrìn gbogbo wọn: 1.6, 1.6, 3 àti 6.2, ó jẹ́ 12.4 áńpù. Bírékà 20 kò níṣòro pẹ̀lú ìyẹn. Ìdí rèé tí gbogbo nǹkan fi ń lọ dáadáa láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ́yìn tó bá ti dúró tán.

Iná ìgbérù wá ńkọ́? Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì firísà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan dúdú kan tó dà bí ìkòkò tí wọ́n fi ọmọrí dé pa. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nìyẹn. Lébẹ̀lì kékeré kan wà lára rẹ̀, tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lára firísà gan-an. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta yìí níbẹ̀: LRA. Nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé e ni iye áńpù tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà ń jẹ nígbà tí iná ti wọlé ṣùgbọ́n tí ọ̀pá inú rẹ̀ kò tíì yí. Nọ́ńbà ìgbérù gan-an nìyẹn, ẹni tó ṣe é ló wọ̀n ọ́n, kò sí ìṣirò tí èmi tàbí ẹlòmíràn lè ṣe tó dára jù ú lọ. Ó ya mí lẹ́nu bí àwọn oníṣẹ́ iná tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe kì í yí firísà sẹ́yìn wò ó kí wọ́n tó sọ iye bírékà.

Tí lébẹ̀lì bá ti ṣí tàbí tí ìpata ti jẹ ẹ́, ẹ sọ áńpù ìrìn di ìlọ́po méje fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìlọ́po mẹ́fà fún pọ́ǹpù. Kò ní pé pérépéré, ṣùgbọ́n kò ní ṣì yín lọ́nà púpọ̀. Ẹ kò kọ LRA tiyín sí mi, nítorí náà èyí ni màá lò: firísà kékeré kọ̀ọ̀kan 11 áńpù, àgbà 21, pọ́ǹpù 37. Tí nọ́ńbà ara tiyín bá yàtọ̀, ẹ kàn fi tiyín rọ́pò, ọ̀nà ìṣirò kò yí padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣáá, àwọn mẹ́rin yìí kì í dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á tutù tán, á sinmi, òmíràn á dìde. Ṣùgbọ́n tí iná bá ti lọ fún wákàtí mẹ́ta, gbogbo firísà ti ń gbóná, omi táǹkì ti lọ sílẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò pariwo "Up NEPA!", gbogbo wọn á dìde pọ̀ lójú kan náà. 11, 11, 21 àti 37: ọgọ́rin áńpù. Ẹ rí i báyìí. Ẹrù tí ìrìn rẹ̀ kò pé 13 áńpù, ìgbérù rẹ̀ jẹ́ 80.

Ẹ wá wo ojú bírékà yín. Lẹ́tà kan wà níwájú 20 yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á. Ó lè jẹ́ B20, ó lè jẹ́ C20. Oríṣi iṣẹ́ méjì ni bírékà ń ṣe. Fún ẹrù tó kàn pọ̀ díẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ títí á fi tẹ̀, tí á já. Ìyẹn máa ń pẹ́ díẹ̀. Fún ẹrù tó ya wọlé lójijì, ohun tó dà bí òòfà ló ń já a lẹ́sẹ̀ kan náà. Lẹ́tà yẹn ló ń sọ ibi tí sùúrù òòfà náà mọ. B ń já lójijì láàárín ìlọ́po 3 sí 5 nọ́ńbà rẹ̀, C láàárín ìlọ́po 5 sí 10, D láàárín ìlọ́po 10 sí 20. B20, nígbà náà, kò gbọ́dọ̀ já lójijì tí iná kò bá tíì dé 60 áńpù, ó sì gbọ́dọ̀ já tó bá ti dé 100. Láàárín 60 sí 100, òfin kò dè é. Ó lè já, ó lè má já.

Ọgọ́rin áńpù yín bọ́ sí àárín gbùngbùn ibẹ̀, ìyẹn ni mo fi gbà pé B20 ni tiyín. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúró nígbà mìíràn, tó sì ń já nígbà mìíràn, tí ẹ fi rò pé ẹ̀mí kan ń bá bírékà náà jà. Nǹkan mìíràn tún ń dá kún un: iná wa ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi tó bá wà nínú ìlọbọ̀ rẹ̀ lásìkò tó dé ló ń sọ bí orí àkọ́kọ́ rẹ̀ á ṣe ga tó. Ẹnikẹ́ni ò lè yan ibẹ̀.

Ó wá ku bírékà 40. Màmá, bírékà kò ṣọ́ firísà yín rárá. Wáyà inú ògiri ló ń ṣọ́. Wáyà 2.5 tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì nílé wa ń gba nǹkan bí 20 sí 27 áńpù láìgbóná jù, ó dá lórí bóyá inú páìpù ló gbà àbí ara ògiri. Tí bírékà 40 bá wà níwájú rẹ̀, tí nǹkan kan sì bàjẹ́ tó ń jẹ 35 áńpù láti ọ̀sán dòru, bírékà kò ní mira. Wáyà ni yóò máa yan bí ẹja lórí ẹyin iná, nínú ògiri tí ojú kankan kò tó. Ọmọ yẹn kò ní ìkà nínú o. Bírékà já, ó fẹ́ kó má já mọ́. Ohun tó rí nìyẹn. Ẹ má bá a jà, ẹ kàn fi ìwé yìí hàn án.

Tó bá jẹ́ C20 lẹ fi rọ́pò B20 ńkọ́? Ìyẹn kò burú, wáyà yín ṣì wà lábẹ́ 20, òòfà rẹ̀ sì ń fara da 80 áńpù. Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra ni pé C20 lè dúró de 200 áńpù kó tó já lójijì. Nígbà tí wáyà bá kan ara wọn, tàbí tí iná bá kan ara firísà, ọ̀nà tí iná náà gbà lọ tó gbà bọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí tó láti gba 200 áńpù kọjá. 230 tí a fi 200 pín, 1.15 óòmù ni (óòmù ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Tí gbogbo ọ̀nà náà, láti ọ̀pá iná dé ilé yín àti padà, bá ju ìyẹn lọ, C20 kò ní yára já nígbà tó yẹ. Ilé púpọ̀ láàárín ìgboro ni wọ́n ri irin àátì (irin tó ń da iná tó ṣìnà sínú ilẹ̀) sí ilẹ̀ líle lẹ́bàá ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò tún wọ̀n ọ́n mọ́ láti ọdún tí wọ́n ti ri í. Kí oníṣẹ́ iná tó ní mítà tó ń wọn irú rẹ̀ kọ́kọ́ wá wọ̀n ọ́n kí ẹ tó pààrọ̀ lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n èmi ò tiẹ̀ rò pé ẹ nílò bírékà tuntun rárá. Ohun tí ẹ nílò ni kí wọ́n má dìde pọ̀.

Ẹ mọ gáàdì tí wọ́n ń tà fún firísà, èyí tí ẹ ó ki sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ó wá ki firísà sí i lára? Ọ̀pọ̀ rò pé iná tó pọ̀ jù nìkan ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kejì tó ń ṣe ló ṣe pàtàkì sí mi: tí iná bá dé, ó ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ ra irú èyí tí ẹ lè yan ìṣẹ́jú rẹ̀ fúnra yín. Èyí tó tóbi jù ni kó kọ́kọ́ dìde, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn lórí ìlà. Pọ́ǹpù kọ́kọ́ dìde: 37 áńpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ó wálẹ̀ sí 6.2. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, firísà àgbà: 6.2 àti 21, ó jẹ́ 27.2. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kékeré kan: 6.2, 3 àti 11, ó jẹ́ 20.2. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 7, èyí tó kù: 6.2, 3, 1.6 àti 11, ó jẹ́ 21.8. Ibi tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni 37. B20 tí ẹ ní lọ́wọ́ kò ní já lójijì tí iná kò bá dé 60. Tó bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án pé gbogbo firísà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí pọ́ǹpù tún dìde, 6.2 ti àwọn firísà àti 37 jẹ́ 43. Kò tíì dé 60 síbẹ̀.

Ìṣẹ́jú 3 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti firísà, mi ò kàn mú un láti ojú sánmà. Nígbà tí firísà bá ń ṣiṣẹ́, gáàsì inú rẹ̀ le lápá kan, ó rọ̀ lápá kejì. Tí iná bá lọ, ó gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí apá méjèèjì tó dọ́gba. Tí iná bá ṣẹ́jú lọ, tó ṣẹ́jú dé, mọ́tò á fẹ́ dìde lábẹ́ ẹrù tí kò ṣeé gbé, kò ní lè yí. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti dìde ṣì gbóná láti ìgbà àkọ́kọ́, kò sì lè ṣiṣẹ́ àfi tó bá tutù. Yóò wà níbẹ̀, yóò máa jẹ 11 tàbí 21 áńpù láìyí. Ooru inú wáyà kì í sì í bá áńpù rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Tí áńpù bá di ìlọ́po 6, ooru á di 6 lọ́nà 6, ìlọ́po 36. Ohùn "táà!" tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́yìn firísà, tí á dákẹ́, tí á tún dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ń já iná fún un kí wáyà inú rẹ̀ má baà jó. Ẹ̀ṣọ́ náà kò sì lè ṣe é títí ayé.

Èyí tún mú mi rántí ohun tí gbogbo wa máa ń pè ní "low current" ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gílóòbù bá pupa bí ẹyìn. Orúkọ yẹn kò bá a mu. Fọ́ltì ló lọ sílẹ̀. Ti áńpù, ó sábà máa ń yí padà di púpọ̀ lára mọ́tò. Agbára tí mọ́tò fi ń dìde ń bá fọ́ltì lọ ní ọ̀nà méjì: tí fọ́ltì bá wálẹ̀ láti 230 sí 160, agbára ìdìde á wálẹ̀ sí nǹkan bí 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó ìdajì mọ́. Ẹni tó yẹ kó gbé páálí, ẹ gé oúnjẹ rẹ̀ sí ìdajì, ẹ ní kó ṣì gbé páálí kan náà. Á gbìyànjú, á pẹ́ nílẹ̀, á sì jẹ iná ìgbérù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin dípò ìdajì. Nígbà mìíràn kò ní dìde rárá. Wáyà gígùn náà ń ṣe tirẹ̀. Ká ní wáyà 2.5 ló lọ sí ìdí pọ́ǹpù yín lẹ́yìn ilé, tó sì gùn tó mítà 30. Lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 60, ó ní nǹkan bíi 0.45 óòmù nínú. 37 áńpù lọ́nà 0.45, fọ́ltì 16 ó lé díẹ̀ ti sọnù sójú ọ̀nà kó tó dé ìdí pọ́ǹpù. Tí fọ́ltì ìta ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, 16 yìí ló máa parí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí gáàdì yín máa gé iná tí fọ́ltì bá ti wálẹ̀ jù. Ẹja dídì ń fara da wákàtí kan nínú firísà tí a kò ṣí ju bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti ń fara da ìdajì fọ́ltì lọ.

Ìnfátà yín, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjì. Nígbà tí kékeré méjèèjì ń ṣiṣẹ́, 3.2 áńpù ni wọ́n ń jẹ. Àgbà fẹ́ dìde pẹ̀lú 21. Àròpọ̀ 24.2 áńpù, lọ́nà 230, jẹ́ nǹkan bí 5.6 kVA. Ìnfátà yín jẹ́ 3.5. Ọ̀pọ̀ wọn lè gbé ìlọ́po méjì agbára wọn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn 7, nítorí náà lójú ìwé ó yẹ kó gbé e. Kí ló wá fà á tó fi ń kú? Ẹ wo bátìrì. Ká ní fọ́ltì 24 ni tiyín, bátìrì 12 méjì tí wọ́n so pọ̀. Nínú 5.6 kVA yẹn, nǹkan bí wáàtì 3300 ló máa ń jẹ́ iṣẹ́ gidi nígbà ìdìde, tí ẹ bá fi èyí tó ń sọnù nínú ìnfátà kún un, ó ń lọ sí 3900. 3900 tí a fi 24 pín, áńpù 160 àti lé díẹ̀ ni ẹ ń fà lẹ́nu bátìrì lójijì. Bátìrì tó ti lo ọdún mélòó kan, tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín, tí ẹnu rẹ̀ ti hu funfun, kò ṣòro kó ní 0.025 óòmù lápapọ̀. 0.025 lọ́nà 163, fọ́ltì 4 ó lé díẹ̀ ti lọ. Bátìrì tó wà ní 24.5 já sí 20.4. Ọ̀pọ̀ ìnfátà sì máa ń rò pé bátìrì ti tán tó bá ti ń sún mọ́ 21. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn kó tó kú.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ta ìnfátà 5 kVA fún yín, kí ẹ fi ìwé yanrìn fá ẹnu bátìrì, kí ẹ di nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wo bí okùn rẹ̀ ṣe nípọn tó, kí ẹ sì wọn fọ́ltì ẹnu bátìrì gan-an lásìkò tí firísà àgbà bá ń dìde. Tó bá ṣubú bí mo ṣe sọ, bátìrì tàbí okùn ni, ìnfátà kò jẹ̀bi. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí àgbà náà dìde lórí ìnfátà, kó jẹ́ òun lẹ máa kọ́kọ́ tàn. Pọ́ǹpù, ẹ má gbé e sórí rẹ̀ rárá: 37 lọ́nà 230 jẹ́ 8.5 kVA.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí iná ìgbérù nílò mítà tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ gbá wáyà mú. Ó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ INRUSH sí, orúkọ òyìnbó iná ìgbérù nìyẹn. Mítà tí kò ní i lọ́ra jù, nígbà tó bá fi máa ka nǹkan, ìgbérù ti kọjá, ó lè sọ 15 fún yín níbi tí 37 ti kọjá. Wáyà kan ṣoṣo ni kó gbá mú. Tó bá gbá èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ mú pọ̀, òdo ló máa kọ, mo sì ti rí ọ̀gá tó fi òdo yẹn jiyàn gidi.

Ẹ kò sọ bóyá ẹ ní sìtábíláísà ńlá fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀bẹ̀, ẹ sọ fún mi, torí ìyẹn mú mi gbóná nígbà kan. Ọ́fíìsì kan ní Alágbàká pè mí pé bírékà wọn ń já, tó bá já lónìí, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó tún já. Mo pààrọ̀ bírékà. Ó já. Mo tún un pààrọ̀, mo gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún já, ojú sì tì mí. Sìtábíláísà 5 kVA wọn ló ń ṣe é. Tiransífọ́mà ló wà nínú rẹ̀, kì í yí, kò ní ọ̀pá tó fẹ́ gbé dìde, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ ń rántí òòfà tí iná ìjẹta fi sílẹ̀ sínú rẹ̀. Tí iná tuntun bá dé níbi tí kò bá ti ìṣáájú mu, irin náà á kún fún òòfà, á sì gba iná tó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ láàárín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. 5000 tí a fi 230 pín jẹ́ 21.7, ìlọ́po 10 rẹ̀ ti ju 200 áńpù. Lọ́jọ́ tí iná bá dé níbi tó dára, kò sí nǹkan kan. Ìyẹn ni mo fi lè já bírékà tuntun méjì láìmọ̀dí. Fún irú rẹ̀, gáàdì kò wúlò. D ló yẹ é, tí wáyà àti àátì bá gbà.

Àwọn ohun mìíràn nínú ilé, ìwọ̀nba ni. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù kò ní ìgbérù tó yẹ ká sọ. Gílóòbù àtijọ́ 100 wáàtì ń jẹ ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ kí okùn inú rẹ̀ tó gbóná, ṣùgbọ́n ó kéré, ó sì yára. Tẹlifíṣọ̀n, ṣájà àti gílóòbù LED ní kápásítọ̀ tó ṣófo tó ń dúró de iná: orí iná wa máa ń ga dé 325 fọ́ltì, tí ohun tó ń dí i bá jẹ́ óòmù 10, ó jẹ́ 32 áńpù láti ara nǹkan tó ń jẹ wáàtì 60. Kò pẹ́ tó láti já bírékà, àfi tí ẹ bá so ogójì gílóòbù ńlá mọ́ súìṣì kan. Súìṣì ló sábà máa ń lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí àgbà yín bá wá kú pátápátá, tí ẹ fẹ́ ra tuntun, ẹ béèrè èyí tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìnfátà ("inverter compressor", kì í ṣe ìnfátà tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì). Díẹ̀díẹ̀ ló ń dìde, ìgbérù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìrìn rẹ̀. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ ẹni tó ń ta ẹja lórí bátìrì á rí i padà.

Ní báyìí, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ mú. Ẹ ka LRA mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ka lẹ́tà ojú bírékà, ẹ wo bí wáyà tó lọ sí ìdí pọ́ǹpù ṣe nípọn tó, kí ẹ sì kọ wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bírékà 40, tó bá ti wà nílẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ san apá kan gáàdì.